Mosún, Má Fi Imọ̀ Ọ̀pẹ Sára Ọkọ̀ Ìyàwó

Ìkòsí, Kétu,
Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé.

Mosúnmọ́lá, ọmọ mi àtàtà,

Mo mọ̀ pé bí o bá ṣe rí ìwé yìí báyìí, ohun tí o máa kọ́kọ́ sọ ni pé, "Ha, Daddy! Kí ló dé tí ẹ ò kàn pè mí?" Mo pè ọ́. Mo pè ọ́ láti iwájú ṣọ́ọ̀bù, ọ̀gbẹ́ni tó ń ta kásẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi sì gbé orin rẹ̀ sókè, n ò gbọ́ ju "hẹ́lò, hẹ́lò" lọ. Mo tún pè ọ́ nílé, káàdì tán nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun. Ohun tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí, kì í ṣe ohun tí wọ́n ń já gbà mọ́ èèyàn lẹ́nu. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó sídìí tábìlì ìjẹun, tí mo gbé gíláàsì kojú, tí mo ń kọ̀wé bí ọmọ ilé-ìwé tó ń ṣèdánwò. Uncle Délé ń bọ̀ ní Ìbàdàn lọ́jọ́ Ajé, àwọn ni wọ́n máa mú un wá fún ọ. Jọ̀ọ́, fún wọn ní omi tútù kí o tó já a. Bí o bá sì kà á dé ibì kan tí o rò pé irọ́ ni mo ń pa, bi wọ́n. Wọ́n wà níbẹ̀.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í da ìmọ̀ràn bò ọ́, mo fẹ́ kí o mọ̀ pé inú mi dùn. Inú mi dùn débi pé àwọn oníbàárà mi ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Èèyàn á wọlé wá ra páìpù, á ní, "Ọ̀gá, eélòó ni ti ínṣì kan?" Èmi á ní, "Ọmọ mi fẹ́ ṣègbéyàwó." Púlọ́ḿbà kan láti Alápẹ̀rẹ̀ sọ fún mi lánàá pé òun mọ̀, pé òun ti gbọ́ ọ nígbà tí òun wá ra gọ́ọ̀mù, òun sì tún gbọ́ ọ nígbà tí òun wá ra ẹnu ẹ̀rọ. Mo ní kó farabalẹ̀, kó tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, torí pé kì í ṣe ojoojúmọ́ ni ọmọ bíi tìrẹ ń lọ sílé ọkọ.

Káyọ̀dé náà wù mí. Ọmọkùnrin tó bá lè jókòó ti ìyá rẹ ní ilé ìdáná, kó sì bá a bó ẹ̀wà láìwo aago, onítọ̀hún á ṣeé bá gbé pọ̀.

Nígbà tí o sọ pé ìwọ fúnra rẹ ni o máa ṣe òdòdó ìgbéyàwó rẹ, mo pàtẹ́wọ́ fún ọ. Òótọ́ ni o sọ. Òdòdó oníke tí àwọn oníṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ń gbé kiri yìí, ọ̀kan náà ni wọ́n ń gbé lọ fún gbogbo ayé. Mo ti bá òdòdó kan pàdé ní gbọ̀ngàn kan ní Ojota rí, mo tún bá a pàdé ní Mile 12, eruku ìgbéyàwó àkọ́kọ́ ṣì wà lórí ẹ̀. O ní o fẹ́ òdòdó tó wà láàyè, èyí tí èèyàn lè gbóòórùn rẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọmọ mi lóòótọ́ ni ọ́, torí pé èmi náà ni mo fi ọwọ́ ara mi ṣe òdòdó ìgbéyàwó èmi àti ìyá rẹ.

O ò mọ̀ bẹ́ẹ̀, àbí? A kì í sọ ọ́. Ìyá rẹ ò fẹ́ ká máa sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ló sì gbé ìwé yìí dé ọwọ́ rẹ.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù tí ìwọ àti ìyá rẹ fi jà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo wà níbẹ̀, mò ń jẹ ẹ̀pà létí fèrèsé. Ó gbé fóònù sétí, ó ń rẹ́rìn-ín. O ń ṣàlàyé òdòdó orí tábìlì fún un, ó ń ní, "Ó dáa, ó dáa bẹ́ẹ̀." O dé orí ti inú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, "Áà, á rẹwà o!" Lẹ́yìn náà o dé orí mọ́tò. Ohun tí o sọ, kedere ni mo gbọ́ ọ, torí pé ohùn rẹ máa ń jáde látinú fóònù bí ohùn ẹni tó ń ta búrẹ́dì: "Imọ̀ ọ̀pẹ ni mo máa fi ṣe iwájú mọ́tò, Mummy, kí gbogbo ẹ̀ kàn tutù yọ̀yọ̀, ká wá ki òdòdó sí àárín ẹ̀."

Ìyá rẹ lọgun. "Láéláé! Lójú tèmi kọ́! Kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀, Mosún!"

Ìwọ náà ò rọra. O ní, "Mummy, ìgbéyàwó ta ni? Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ òdòdó yìí ò kàn yín." Bí káàdì ṣe tán nìyẹn.

Ó gbé fóònù lé orí fìríìsà. Kò pariwo mọ́. Ó wò mí, ó ní, "Bàbá Mosún, wọ́n ní kò kàn mí. Ó dáa. Màá wá bí àlejò. Màá jókòó sẹ́yìn, màá jẹ ìrẹsì mi, màá bá wọn jó díẹ̀, màá wọkọ̀ padà sí Kétu."

O mọ ìyá rẹ. Bó bá ń pariwo, ọ̀rọ̀ ti ń tán lọ nìyẹn. Bó bá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ báyìí, ẹ̀rù máa ń bà mí. Láti ọjọ́ náà, télọ̀ ti ránṣẹ́ sí i pé kó wá gbé aṣọ ìyá ìyàwó wọ̀ wò, kò lọ. Ó ní àlejò ò nílò aṣọ ìyá ìyàwó. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wá bi í pé ta ni yóò dúró tì ọ́ láti wọṣọ fún ọ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ní kí wọ́n lọ bi ìyàwó. Mosún, mo lè fara da ọ̀pọ̀ nǹkan, ṣùgbọ́n n ò lè fara da kí n mú ọ lọ́wọ́ wọ ṣọ́ọ̀ṣì, kí n bojú wẹ̀yìn, kí n rí ìyá rẹ lórí àga ẹ̀yìn pátápátá, kó gbé báàgì lé ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tètè máa lọ. Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé nìyẹn. Gbogbo ìmọ̀ràn yòókù, jàárà ni.

Ó yá, gbọ́ ìtàn.

Nígbà tí mo fẹ́ fẹ́ ìyá rẹ, mo jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbà pé kò sóhun tí òun ò lè fi ọwọ́ òun ṣe. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ṣàgámù, èmi ni mo máa ń ṣe ọ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ nígbà ìkórè. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń ṣe é: a ó tẹ̀ ẹ́ bí òṣùmàrè sẹ́nu ọ̀nà, a ó so ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àgbàdo mọ́ ọn lára. Kò sẹ́ni tó mọ imọ̀ ọ̀pẹ tẹ̀ jù mí lọ. Nítorí náà, nígbà tí àwọn ẹbí ní ká lọ wá ẹni tí yóò ṣe òdòdó, mo ní, "Ẹni wo? Èmi ńkọ́?"

Àṣìṣe àkọ́kọ́: ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni mo lọ já òdòdó. Èyí tó pupa, tó fẹ̀, tó máa ń yọ ahọ́n gígùn síta lára ọgbà àwọn èèyàn, òun ló wù mí jù. Mo já a kún agbọ̀n, mo gbé e sábẹ́ igi máńgòrò, mo lọ sùn bí ọba. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ẹ̀ ló ti pa ara dé bí agboòrùn. Àṣé ọjọ́ kan péré ni òdòdó yẹn ń lò láyé! Mo sáré káàkiri àdúgbò ní kùtùkùtù, mò ń já tuntun lára ọgbà onílé àti àlejò, obìnrin kan sì fi ìgbálẹ̀ lé mi dé títì. Mo ń sá lọ, mò ń kígbe pé, "Ẹ má bínú, Mà, ìgbéyàwó ni!" Ó ní kí n lọ fi òdòdó ilé bàbá mi gbéyàwó.

Nítorí náà, Mosún, má fojú kan òdòdó yẹn, bó ti wù kó rẹwà tó. Lo èyí tó pupa kéékèèké, tó máa ń ṣù jọ, èyí tí ìwọ àti Bùnmi ọ̀rẹ́ rẹ máa ń fa omi dídùn inú rẹ̀ mu nígbà tí ẹ wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn máa ń pẹ́. Ti igi funfun olóòórùn dídùn tó wà ní ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì náà dára, àmọ́ oje rẹ̀ kò ṣeé fọ̀ kúrò lára aṣọ funfun, nítorí náà jẹ́ kí ojú ibi tí o ti gé e gbẹ kí o tó gbé e sún mọ́ ara. Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí o já gbogbo ẹ̀, kó tó di pé oòrùn ràn. Ri ìdí rẹ̀ sínú omi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Já gbogbo ewé tó bá máa kan omi dànù, torí pé òun ló ń mú kí omi rùn. Bò ó pẹ̀lú àpò tútù bí àwọn tó ń ta ẹ̀fọ́ ní Mile 12 ṣe ń bo ọjà wọn, síbi tí oòrùn ò ti lè rí i. Má sì gbé e sí yàrá kan náà pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n. N ò mọ ìjà tó wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n mo ti rí i pé òdòdó máa ń tètè rọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí o fi sọ́kàn jù lórí ọ̀rọ̀ yẹn ni pé kí o dán an wò kí ọjọ́ náà tó pé. Èmi ò dán nǹkan kan wò. Mo rò pé ìfẹ́ tó wà lọ́kàn mi ti tó. Títí dòní olónìí, bí mo bá fẹ́ ṣe nǹkan tuntun nínú ilé, ìyá rẹ máa ń bi mí pé, "Ṣé o ti dán an wò?" Mo máa ń dibọ́n bíi pé n kò gbọ́, lẹ́yìn náà mo máa ń lọ dán an wò ní ẹ̀yìnkùlé.

Ó yá, ká dé orí mọ́tò. Délé ló ni Pijó tó máa gbé ìyàwó láti Ìlíṣàn wá sí Ṣàgámù. Mo ti pète rẹ̀ lọ́kàn mi: imọ̀ ọ̀pẹ ní iwájú bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ó tẹ̀ kọrọdọ, kí n wá ki òdòdó pupa àti funfun sí àárín ẹ̀ títí imọ̀ ọ̀pẹ kò fi ní hàn mọ́. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Mo fi okùn di imọ̀ ọ̀pẹ dan-in dan-in, mo ti òdòdó bọ àárín rẹ̀. Ó rẹwà, Mosún! Àwọn èèyàn ń dúró wò ó. Délé gun ọkọ̀, ó fọn fèrè, ó lọ Ìlíṣàn, ó lọ gbé ìyàwó. Èmi lọ wọ kóòtù mi, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

Òdòdó tí mo kì sí àárín imọ̀ ọ̀pẹ, kò sí okùn kankan lára rẹ̀. Mo ti gbàgbé pé mọ́tò máa ń sáré.

Délé ló sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà fún wa. Afẹ́fẹ́ ń já òdòdó náà ní ẹyọ ẹyọ, àwọn tó wà nínú ọkọ̀ ò sì rí i, torí pé iwájú lọ́hùn-ún ni mo kọ ojú rẹ̀ sí. Kí wọ́n tó dé Ìpẹru, kò ku ẹyọ kan. Imọ̀ ọ̀pẹ nìkan ló kù níwájú ọkọ̀. Ìwọ náà ọmọ Yorùbá ni, o mọ irú ọkọ̀ tó ń fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe iwájú, tó sì ń rọra lọ.

Àwọn ọkọ̀ ń yà fún wọn. Àwọn tó ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ń ṣí fìlà. Ọlọ́pàá tó dúró lójú ọ̀nà kò dá wọn dúró rárá, ńṣe ló tẹrí ba, tó fi ọwọ́ júwe pé kí wọ́n máa lọ. Délé wú bíi búrẹ́dì, ó ń sọ fún ìyá rẹ pé, "Ìyàwó, o rí bí wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún ọ? Àwọn ará Rẹ́mọ mọ ẹ̀yẹ!" Ìyá rẹ sì ń juwọ́ sí wọn lójú fèrèsé. Délé sọ pé ìyá arúgbó kan rí ọwọ́ aṣọ funfun tó ń jù látinú ọkọ̀ yẹn, ó ju igbá orí rẹ̀ sílẹ̀, ó sá wọgbó.

Rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ìyá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bi mí láti ilé ìdáná pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, mo ní ìwé ìròyìn ni mò ń kà.

Ṣùgbọ́n ìyá ìyá rẹ, Màmá Ìlíṣàn, ti wọ ọkọ̀ tó ṣáájú dé ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wa ń wọ̀nà. A wá rí Pijó Délé tó yọ ní kọ̀rọ́, tó ń rọra bọ̀, àwọn èèyàn ń ṣí fìlà fún un lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Èmi ń wá òdòdó mi, n kò rí i. Màmá ò wá òdòdó. Imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n rí. Ọdún díẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn ni wọ́n gbé òkú ọkọ wọn, bàbá ìyá rẹ, bọ̀ láti ọsibítù, bí ọkọ̀ yẹn náà ṣe yọ ní kọ̀rọ́ nìyẹn, pẹ̀lú imọ̀ ọ̀pẹ níwájú rẹ̀. Wọ́n ti fi ọmọ wọn sílẹ̀ nílé láàárọ̀ kí ọkọ̀ Délé gbé e tẹ̀lé wọn, wọ́n sì rí ohun tí ọkọ̀ náà gbé bọ̀.

Màmá ké. N ò gbọ́ irú igbe bẹ́ẹ̀ rí, n ò sì fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Gèlè wọn bọ́ sílẹ̀. Wọ́n jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú aṣọ òkè tuntun lára wọn, wọ́n ń pe orúkọ ìyá rẹ.

Kí ọkọ̀ tó dúró dáadáa ni ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ti ṣí. Ìyá rẹ fò jáde. Kò dúró de ẹni tó máa gbé ẹ̀yìn aṣọ fún un, kò dúró de bàtà, ẹsẹ̀ kan wọ bàtà, ẹ̀kejì wà lásán, ó ká aṣọ funfun yẹn dé orúnkún, ó sì ń sáré bọ̀ láàárín àwọn èèyàn. Ó ń kígbe pé, "Màmá, èmi rèé! Èmi rèé, Màmá! Ẹ wò mí, ẹ fọwọ́ kàn mí!" Ó kúnlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ níwájú wọn. Màmá fọwọ́ kàn án lójú, wọ́n fọwọ́ kàn án lọ́rùn, wọ́n di apá rẹ̀ mú, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n, wọ́n ń sunkún. Ìyá rẹ ò sọ nǹkan mìíràn, "Èmi rèé" náà ló ń sọ.

Nígbà tí ara wọn wálẹ̀, wọ́n dìde, wọ́n gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara wọn, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọkùnrin yìí, ṣé o fẹ́ fẹ́ ọmọ mi ni, àbí o fẹ́ sin ín?" Gbogbo ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín, àwọn náà rẹ́rìn-ín tẹkúntẹkún.

Kò tán síbẹ̀ o. O rántí àwọn òdòdó tí mo gbé sábẹ́ máńgòrò mọ́jú? Mo ti kó díẹ̀ nínú èyí tí kò pa dé mọ́ èyí tí ìyàwó máa mú lọ́wọ́. Àwọn tanpẹ́pẹ́ ti kó sínú ẹ̀. Pásítọ̀ bi ìyá rẹ pé ṣé ó gbà láti fẹ́ mi, ó lanu, tanpẹ́pẹ́ gé e jẹ lọ́wọ́, ó ní, "Yéè!" Pásítọ̀ wo ojú mi, wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n ní àwọn gba ìyẹn náà gẹ́gẹ́ bí ìdáhùn. Nítorí náà, gbọn òdòdó ọwọ́ rẹ dáadáa, Mosún. Gbọ̀n ọ́n, kí o tún un gbọ̀n.

Ìwọ wá wò ó. Nígbà tí o sọ fún ìyá rẹ pé imọ̀ ọ̀pẹ ni o máa fi ṣe iwájú mọ́tò, kì í ṣe òdòdó ló gbọ́. Màmá rẹ̀ ló gbọ́ tó ń ké. Ó tún rí ara rẹ̀ ní ipò Màmá lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tó ń wọ̀nà, àfi pé lọ́tẹ̀ yìí, ìwọ lo wà nínú ọkọ̀. Mo mọ̀ pé o máa so òdòdó tìrẹ mọ́lẹ̀, kò ní já. Mo mọ̀ pé ní Èkó lóde òní, kò sẹ́ni tó máa ju igbá sílẹ̀ sá wọgbó. Síbẹ̀, má ṣe é. Fi ríbọ́ọ̀nù sí iwájú mọ́tò, fi òdòdó tí wọ́n fi okùn dì pọ̀ sí i, fi ewé igi gíga tí wọ́n ń gbìn lẹ́bàá ọgbà ní ẹ̀sítéètì sí i, ìyẹn náà tutù yọ̀yọ̀. Imọ̀ ọ̀pẹ, jẹ́ kó wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì nígbà ìkórè.

Ìmọ̀ràn tí mo fẹ́ kí o mú wọ ilé ọkọ nìyẹn. Bí ẹni tó fẹ́ràn rẹ bá ta ku sí nǹkan kékeré kan, tó lọgun ju bí ọ̀rọ̀ náà ṣe tó lọ, má tètè dáhùn. Bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Bí Káyọ̀dé bá ń kọ oúnjẹ kan, tó kọ̀ láti wọ ọ̀nà kan, tó ń pariwo torí ilẹ̀kùn tí kò tì, bi í. Èmi náà kọ́ ọ lẹ́yìn tí mo ti fi ọdún púpọ̀ dáhùn kí n tó bèèrè. Ìyá rẹ náà ì bá ti sọ fún ọ, mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ láìsunkún, kò sì fẹ́ sunkún sínú fóònù fún ọmọ tó fẹ́ ṣègbéyàwó.

Ìmọ̀ràn mìíràn wà, n ò mọ èyí tó jẹ́ mọ́ nínú kíkà, ìwọ bá mi kà á. Bí o bá ní o fẹ́ fọwọ́ ara rẹ ṣe nǹkan, kò túmọ̀ sí pé ọwọ́ rẹ nìkan ni kó wà níbẹ̀. Èmi ni mo dá ṣe tèmi. Bí mo bá ti ní kí ìyá mi tàbí Délé wá wò ó, ẹnì kan ì bá ti sọ fún mi pé, "Ṣé o ti so ó?" Ọ̀rọ̀ kúkúrú bẹ́ẹ̀.

Tèmi ti wà nílẹ̀ fún ọ. Mo ti gé páìpù funfun ní kúkúrú kúkúrú, mo ti fi ìdérí dí ìdí rẹ̀, mo bu omi sí i, kò jò. Òun ni o máa ki òdòdó orí tábìlì bọ̀. Bí o bá fi ríbọ́ọ̀nù wé e, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ilé páìpù ni ó ti wá. Bí wọ́n bá sì mọ̀, sọ fún wọn pé bàbá ìyàwó ló ṣe é, kí o sì fi ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi hàn wọ́n.

Ti ìyá rẹ wá ńkọ́? Mosún, láti ọjọ́ tí Káyọ̀dé àti àwọn ẹbí rẹ̀ ti wá mọ̀ wá ni ìyá rẹ ti ń kó rọ́bà pẹ́ńtì òfo jọ. Ó tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà láti ẹnu gééètì dé ìdí táǹkì omi, ó gbin òdòdó funfun sínú gbogbo ẹ̀. O ń rò pé ìwọ lo kọ́kọ́ ronú òdòdó tútù? Ó fẹ́ fi yà ọ́ lẹ́nu ni. Ó fi agboòrùn àtijọ́ ṣe ìbòòji fún wọn lọ́sàn-án, ó ń bá ewúrẹ́ ará ilé kejì jà nítorí wọn, kò jẹ́ kí èmi fọwọ́ kàn wọ́n, ó ní ọwọ́ mi ti kan òdòdó ìgbéyàwó kan rí, gbogbo ayé sì rí ohun tó yọrí sí.

Lẹ́yìn ìjà orí fóònù yẹn, mo rò pé yóò fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n rọ. Mo bi í. Ó ní, "Òdòdó ilé mi ni, kì í ṣe ti ìgbéyàwó ẹnikẹ́ni." Ó sọ bẹ́ẹ̀, ó gbé ìgò omi, ó lọ bomi rin wọ́n. Láàárọ̀ yìí, kí n tó jókòó kọ ìwé yìí, ó pè mí síta. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gééètì ti là. Ó funfun bíi wàrà. Ìyá rẹ dúró tì í pẹ̀lú ìró ìdí rẹ̀ àti sálúbàtà, ó ṣáà ń fi ìka kan kàn án lábẹ́ bí ẹni tó ń fọwọ́ kan àgbọ̀n ọmọ jòjòló. Mo ní, "Ìyàwó á fẹ́ràn rẹ̀." Ó ní àlejò ò ní òdòdó tó fẹ́ fún ìyàwó. Lẹ́yìn náà ó fi agbọ̀n bò ó, kí ewúrẹ́ má bàa rí i.

Mo fẹ́ kí o wá sílé lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀. Má pè kó tó di pé o wá. Má kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀, má ra nǹkan bọ̀, má mú ẹnikẹ́ni wá pé kó bá ọ bẹ̀bẹ̀. Tètè gbéra ní Ìbàdàn, kí o dé Kétu kí oòrùn tó ga, torí pé àsìkò yẹn ni ó máa ń bomi rin òdòdó. N ò ní ti gééètì. Yóò bẹ̀rẹ̀, yóò kọ ẹ̀yìn sí ọ, kò ní gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ torí pé omi á máa dún.

Dúró lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀. Kí o wá sọ pé, "Mummy, èmi rèé."

Kò sí nǹkan mìíràn tí o nílò láti sọ.

Èmi ni bàbá rẹ, tó ń dúró nídìí fèrèsé.